Kí ẹ tó fi owó yín sóko nílé: èsì sí ìbéèrè Ìyá Ìbejì

Ìbéèrè náà rèé, bí mo ṣe gé e kúrú: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Manchester, ọmọ Ìsẹ́yìn sì ni mí. Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń tọ́jú owó, ó ti pé 8,000 pọ́n-ùn. Mi ò fẹ́ fi kọ́lé, mi ò sì fẹ́ kó máa sùn sí báǹkì. Mo fẹ́ fi sí ètò oúnjẹ nílé, kí ilẹ̀ wa tó ti ṣá lè padà bọ̀ sípò, kí àwọn ìyá ọlọ́jà rí nǹkan ṣe, kí èmi náà má sì pàdánù. Àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n mú owó wá, àwọn á bá mi dáko, àwọn á sì dá a padà pẹ̀lú èrè 30% lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n ra ilẹ̀ ékà mẹ́wàá àti katakata. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n jìnnà sí ọ̀rọ̀ oko pátápátá. Èwo ni kí n ṣe?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ àṣekára, ẹ sì kú ìfaradà òtútù. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí ọ̀pọ̀ nínú irú lẹ́tà yìí tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ọdún 31 ni mo fi ṣe òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá kí n tó fẹ̀yìn tì, púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ló sì jẹ́ ohun tí mo fojú ara mi rí. Bí mo ṣe lóye yín sí, ẹrù mẹ́ta lẹ gbé ka owó kan lórí: ẹ fẹ́ kó wo ilẹ̀ sàn, ẹ fẹ́ kó bọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ, ẹ sì fẹ́ kó padà wálé pẹ̀lú èrè. Owó kan lè ru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n kò lè máa sáré bó ṣe ń rù wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti 30% kúrò lọ́nà. Ẹ̀gẹ́ sábà máa ń lo oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá nínú ilẹ̀ kó tó gbó dáadáa. Ẹni tó bá ní òun á gbìn ín, òun á wà á, òun á tà á, òun á sì dá owó àti èrè padà láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ̀gẹ́ kọ́ ló fẹ́ fi san owó náà. Owó ẹni tó dé lẹ́yìn yín ló fẹ́ fi san án. Àgbàdo lè yá tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ òjò ló wà, ọwọ́ kòkòrò ajẹ̀gbàdo tó wọ orílẹ̀-èdè wa ní 2016 ló sì tún wà. Ní nǹkan bíi 2018 sí 2020, irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà. Gbájúẹ̀ làwọn kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ ọ̀dọ́ tó nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n bá ilẹ̀ ṣèlérí ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣèlérí. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ọjà pa ní 2020, ọ̀pọ̀ wọn kò rí owó san mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó owó tó fẹ́ fi ṣègbéyàwó síbẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò padà. Ní 2021 ni SEC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdókòwò, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìlànà jáde lórí irú ìkówójọ yìí. Ilé iṣẹ́ tó bá kàn sí yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ SEC. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dá wọn lóhùn.

Ohun kejì tí àwọn ará òkè òkun kì í ṣírò ni náírà. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan. Nígbà tó máa fi di 2024, ó ti ju 1,500 lọ. Ẹni tó ṣẹ́ 1,000 dọ́là sí 460,000 náírà nígbà náà, tí wọ́n sì san èrè 30% fún un láìyẹ̀, 598,000 náírà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá yí i padà sí dọ́là ní 1,500, kò tó 400 dọ́là. Wọn ò jà á lólè o, wọ́n mú àdéhùn ṣẹ, síbẹ̀ ohun tó ju ìdajì owó dọ́là rẹ̀ lọ ti sọnù. Nítorí náà, owó tí ẹ máa nílò ní Manchester lọ́la, irú owó ilé ìwé àwọn ìbejì, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Owó tí ẹ mọ̀ pé nílé lẹ máa ná an, owó tí ẹ bá fẹ́ fi gbọ́ bùkátà ìyá yín, tàbí èyí tí ẹ ń wò fún ìgbà tí ẹ bá padà wá gbé Ìsẹ́yìn, ìyẹn nìkan ló yẹ kó wá di náírà.

Ti àbúrò yín nira fún mi láti sọ, torí ọmọ ìyá ni. Mi ò mọ̀ ọ́n, ó lè jẹ́ alágbára àti olóòótọ́. Ṣùgbọ́n oko ékà mẹ́wàá kò lè bọ́ katakata. Ọjọ́ mélòó ni yóò fi túlẹ̀ ékà mẹ́wàá? Méjì, bó pẹ́ títí mẹ́ta. Kí ni yóò máa ṣe láwọn ọjọ́ tó kù nínú ọdún? Ó di dandan kó máa fi gba iṣẹ́ kiri, ìyẹn sì jẹ́ òwò mìíràn lọ́tọ̀, tó ní dẹ́rẹ́bà, dísù, táyà, dísẹ́ẹ̀lì àti mẹkáníìkì tirẹ̀. Mo mọ èèyàn mẹ́ta tí ẹbí wọn fi katakata ránṣẹ́ sí láti òkè òkun. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọ̀kan péré ló ṣì ń ṣiṣẹ́, mẹkáníìkì sì ni ẹni tó ni ín. Ní ti ilẹ̀ rírà, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n lóko, àwọn olórí ẹbí lẹ ṣì máa bá jókòó, bí ẹnì kan nínú ẹbí kò bá sì fọwọ́ sí i, ẹjọ́ ni ẹ rà. Ẹ tún béèrè ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà báyìí. Ilẹ̀ tó dára kì í ṣófo. Bí ó bá jẹ́ pé opó kan tàbí àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹ máa lé kúrò kí ẹ tó ráyè fi owó yín ṣe rere, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lódì.

Ohun tó fara sin nínú ìmọ̀ràn méjèèjì, ti íntánẹ́ẹ̀tì àti ti àbúrò yín, ni èrò pé a ò gbin nǹkan tó. Èrò yẹn ti gba owó lọ́wọ́ àwọn tó tóbi jù wá lọ. Ní 2002, ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá lórí ẹ̀gẹ́. Wọ́n pín igi ẹ̀gẹ́ tó dára, wọ́n ní ká gbìn, àwa òṣìṣẹ́ náà sì ń lọ láti abúlé dé abúlé, à ń sọ pé ọjà wà. Àwọn àgbẹ̀ gbọ́ tiwa, wọ́n gbìn. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹ̀gẹ́ pọ̀ dé ibi pé ẹni tó máa rà á kò sí, owó rẹ̀ já wálẹ̀, àwọn mìíràn sì fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ torí owó tí wọ́n máa fi wà á ju owó tí wọ́n máa tà á lọ. Bàbá kan ní abúlé kan lẹ́bàá Ìgànná mú mi lọ sí oko rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ebè kan, kò sọ ohunkóhun sí mi. Mi ò gbàgbé ọjọ́ náà. Àwa là ń ṣe ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ kóńgò gàrí ṣì ń dáni lágara lọ́jà. Oko kọ́ ni ìṣòro náà wà. Ibi tí oko ti pàdé ọjà ló wà.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó bá ti kúrò nílẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á máa dúdú. Àwọn alájàpá mọ èyí, dẹ́rẹ́bà mọ̀ ọ́n, àgbẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti wà lẹ́bàá oko, tí wọ́n ti wa ẹ̀gẹ́, iye tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá pè ni àgbẹ̀ máa gbà, torí kò lè gbé e padà sínú ilẹ̀. Mi ò bú àwọn alájàpá o, ojú ọ̀nà àti àwọn tó ń gbowó lójú ọ̀nà ń jẹ nínú èrè tiwọn náà. Àmọ́ bí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí bá wà ní kìlómítà mẹ́ta sí oko, tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, àgbẹ̀ kan náà lè wa ẹ̀gẹ́ tó wù ú ní ọjọ́ tó wù ú, kó sì sọ pé rárá fún ọkọ̀ akẹ́rù. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan á fún wa ní nǹkan bíi 200 sí 250 kílò gàrí. Gàrí tó gbẹ dáadáa á dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú àpò, ó sì rọrùn láti gbé ju ẹ̀gẹ́ tútù tí omi kó ìdajì rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ẹni tó bó o, ẹni tó rin ín, ẹni tó yan án, ẹni tó rán àpò, gbogbo rẹ̀ á dúró sí ìlú. Tí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ètò ọrọ̀ ajé kan ń tún ara rẹ̀ ṣe, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn: owó tó wọ ìlú kì í gba ẹnu ọ̀nà mìíràn jáde lọ́jọ́ kan náà.

Ilẹ̀ náà ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ tí nǹkan ń gbà jáde, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ẹ sọ pé ilẹ̀ yín ti ṣá. Àwọn bàbá wa, bí wọ́n bá ṣán ìgbòrò tó ti sinmi fún ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, iṣu ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbìn síbẹ̀. Àgbàdo á tẹ̀lé e. Ẹ̀gẹ́ ló máa ń kẹ́yìn, torí òun nìkan ló lè rí nǹkan jẹ nílẹ̀ tí àwọn yòókù ti jẹ tán. Lẹ́yìn ẹ̀gẹ́, wọ́n á fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Lónìí, a ti pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò pọ̀ sí i, ìsinmi ọdún mẹ́wàá ti di ọdún méjì, ní ibòmíràn kò sí ìsinmi rárá. Ẹ̀gẹ́ tó yẹ kó kẹ́yìn ni a wá ń gbìn tẹ̀lé ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ sì máa ń fa èròjà kan tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ̀mù nínú ilẹ̀ gan-an, inú iṣu rẹ̀ ló sì ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ sí. Gbogbo ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ tútù tó bá ti Ìsẹ́yìn lọ sí Èkó, ọ̀rá ilẹ̀ Ìsẹ́yìn wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ kankan tó ń gbé e padà bọ̀. Ẹ fi iná tí a ń sun oko lọ́dọọdún kún un, àti òjò àkọ́rọ̀ tó ń bá ilẹ̀ tí kò ní ewé lórí, tó sì ń wọ́ òkè rẹ̀ lọ sínú odò.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá ajílẹ̀ inú àpò ló ba ilẹ̀ jẹ́. Rárá, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yẹn. Ajílẹ̀ dà bí omi èlùbọ́ fún ẹni tí ebi ti pa fún oṣù mẹ́ta. Ó máa gbé e dìde, kò lè di ẹran ara fún un. Ohun tí ilẹ̀ wa pàdánù ni ewé jíjẹrà, ìgbẹ́ ẹran, gbòǹgbò, àti kòkòrò kéékèèké tó ń gbé inú wọn. Níbi tí ìyẹn kò bá sí, òjò á fọ ajílẹ̀ tí ẹ fowó gọbọi rà lọ. Nítorí náà ẹ má bá àgbẹ̀ jà pé ó lo ajílẹ̀. Ẹ bi í ohun mìíràn tó ń dá padà sínú ilẹ̀. Ègúsí tó bo ilẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́ ń ṣe iṣẹ́, àwọn ìyá wa ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀wà ń ṣe iṣẹ́. Wèrèpè irú èyí tí kì í yún ara ń ṣe iṣẹ́ ńlá: ní gúúsù ilẹ̀ Benin tó múlé gbè wá, ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ lò ó láti fi pa koríko ẹ̀kan tó ti gba oko wọn, ó sì pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ wọn dá a dúró, torí wèrèpè kò ṣeé jẹ bí ẹ̀wà, kò sì ní ọjà. Bákan náà ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn láti 1967, ṣe kọ́ wa láti gbin agúnmáníyè, igi tí ewé rẹ̀ ń bọ́ ilẹ̀, sáàárín poro. Ó dára lóko ìwádìí. Lóko àwọn àgbẹ̀ tí mo ń bẹ̀ wò, kò dúró. Ó gba agbára, ìdí mìíràn sì wà tí a kì í sọ síta: ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbin igi sí ilẹ̀ onílẹ̀, torí ẹni tó gbin igi ti fẹ́ máa pe ilẹ̀ ní tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n lè lé lẹ́yìn ìkórè kò ní í bọ́ ilẹ̀ tí ẹlòmíràn máa jẹ. Ó wà lára ohun tí owó yín lè ṣe láìra ilẹ̀ kankan: kí ẹ bá ẹbí onílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ san owó ìyálò ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lórúkọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n lè gbin igi tó ń bọ́ ilẹ̀ síbẹ̀.

Àmọ́ ibi tí mo ti rí i pé ilẹ̀, àwọn obìnrin àti owó lè jọ jẹun ni ibi ìyangàrí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹni tó bá ti pẹ́ kó tó débẹ̀ kẹ́yìn. Iwájú ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ ìrin wà lábẹ́ páànù, àwọn àpò wà lábẹ́ jáàkì, omi ń sun lára wọn, agbada wà lórí iná, èéfín gba ojú àwọn ìyá. Ẹ̀yìn ni ohun tí a ń gbé sọnù wà: òkìtì èèpo tó ń rùn, tí wọ́n máa ń sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ẹ̀gẹ́ tó ti pa gbogbo koríko tó kàn, àti eérú. Bí wọ́n bá fọwọ́ bó o, tí a bá pín ẹ̀gẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀kan nínú rẹ̀ ló ń di èèpo. Àwọn onímọ̀ ILRI, ìyẹn àjọ ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn, àti ti IITA ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo náà bí a ṣe ń rin ẹ̀gẹ́, tí a fún omi rẹ̀, tí a jọ̀ ọ́, tí a sì yan án tàbí sá a, ó lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan dípò ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí òòrùn máa ń gbà, tọ́ọ̀nù èèpo tútù mẹ́ta á sì fún wa ní tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran. Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ náà lẹ máa fi ṣe é, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rin ti gàrí tán. Ẹran tó jẹ èèpo tútù ní àjẹjù lè kú nítorí májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́, ọ̀pọ̀ ìyá ló ti pàdánù ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà fífún un àti gbígbẹ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ náà á padà sóko. Eérú ìdí agbada, tí pọtásíọ̀mù wà nínú rẹ̀, òun náà á padà sóko, níwọ̀nba. Àdògán tó ní ihò tí èéfín ń gbà jáde á dín igi kù, á sì dín omijé kù. Kò sí èyí tó nílò ọgbọ́n òyìnbó nínú gbogbo rẹ̀. Bó bá sì jọ ohun àjèjì, gàrí fúnra rẹ̀ náà ti òkun dé: ilẹ̀ Brazil ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì sẹ́yìn, sì wà lára àwọn tó tan bí a ṣe ń ṣe gàrí kálẹ̀ láàárín wa. A gbà á, a sọ ọ́ di tiwa. Èyí náà a lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti pàdé, ẹ lọ sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin. Àlùfáà ọmọ Nàìjíríà kan, Godfrey Nzamujo, bẹ̀rẹ̀ ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Songhai níbẹ̀ ní 1985 lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan péré. Ìdọ̀tí adìyẹ àti ẹran ni wọ́n fi ń sin ìdin fún ẹja, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe gáàsì ìdáná, ìyókù á lọ sí oko ẹ̀fọ́. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé wọn ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí a ń dà nù. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ pé a ò lè gbé Songhai sí gbogbo abúlé. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ẹnì kan sì fi ayé rẹ̀ jìn ín.

Nítorí náà, ìdáhùn mi: ẹ wá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ti ń yan gàrí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti ń dá àjọ pọ̀ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán láìsí ìjà. Ẹ má dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ẹgbẹ́ tí owó bá dá sílẹ̀, ìgbà tí owó bá tán ló ń túká. Ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ ní ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Láti 1935 ni òfin rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Ẹ má fún wọn lẹ́bùn, ẹ má sì yá wọn lówó lásán. Ẹ ra ohun èlò, ẹ̀rọ ìrin, jáàkì, àdògán, kí ó jẹ́ tiyín, kí wọ́n máa san owó díẹ̀ lórí rẹ̀ títí yóò fi di tiwọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí sísan owó náà tẹ̀lé ìgbà: ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ le, tí ẹ̀gẹ́ ò ṣeé wà, kí ó kéré, nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀, kí ó gbéra. Ẹ kọ àdéhùn náà ní èdè Yorùbá, kí wọ́n kà á sókè níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Bó bá jẹ́ èmi, mi ò ní mú ju 3,000 pọ́n-ùn jáde lọ́dún kìíní, mi ò sì ní ra ohun kan tí mẹkáníìkì tó wà ní ìlú náà kò lè tú palẹ̀ kó sì tò ó padà.

Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì torí ohun tí ojú mi rí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá kan wá fún abúlé kan lágbègbè iṣẹ́ mi nígbà kan, èyí tó ń bó, tó ń rin, tó sì ń yan. Àwọn ènìyàn pàtàkì wá, wọ́n gé okùn, a jó. Iná ìjọba ló ń lò, iná ìjọba kò sì dé abúlé náà ju ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Nígbà tí bẹ́líìtì rẹ̀ já, wọ́n ní ó di ìlú òyìnbó kí wọ́n tó rí òmíràn. Àwọn obìnrin náà padà sídìí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, tí ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ń tún ṣe fún wọn. Ohun tó ń gbé ẹ̀rọ kékeré yẹn ró ni pé nínú owó gbogbo bàsíà tí wọ́n bá rin, wọ́n ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àtúnṣe lójoojúmọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ kì í sì í pa á mọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ kò bá béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ bá ṣe, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé owó àtúnṣe hàn yín.

Mélòó lẹ máa rí? Mi ò ní purọ́ fún yín. Níbi tó bá lọ dáadáa, owó yín á padà ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin pẹ̀lú èrè tí kò pọ̀, ní náírà, náírà sì lè já. Ọ̀rẹ́ yín tó ní kí ẹ jìnnà kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wàhálà àárín àgbẹ̀ àti darandaran ti lé àwọn ènìyàn kúrò lóko ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá, bí ẹ̀rù bá sì ba àgbẹ̀, ẹ̀gẹ́ kò ní dé ilé ìyangàrí, bó ti wù kí ẹ̀rọ dára tó. Alága ẹgbẹ́ lè sọ ẹgbẹ́ di tirẹ̀. Owó gàrí lè já lọ́dún tí gbogbo ènìyàn bá gbìn ín. Ilẹ̀ tó ti ṣá fún ogún ọdún kò ní í sàn ní ọdún méjì. Ní ọdún kẹta ni mo máa ń rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, níbi tí wọn kò bá sun ún. Èmi kì í ṣe lọ́yà, nítorí náà ẹ gbé ìwé àdéhùn ìyálò àti ti ẹ̀rọ fún lọ́yà kó tó di pé ẹ fọwọ́ sí i. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo ohun tí ẹ ní láyé ni 8,000 yẹn, tí kò sí owó mìíràn fún àìsàn tàbí fún ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dúró, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí dìgbà tí òmíràn á fi wà. Ẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ti àbúrò yín, ẹ má tì í sẹ́yìn. Ẹ ní kó máa lọ sí ibi ìyangàrí mẹ́ta fún oṣù kan kí ẹ tó wálé, kó máa kọ iye àpò gàrí tó ń jáde níbẹ̀ lójúmọ́ àti ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ sínú ìwé. Bó bá ṣe é tọkàntọkàn, ẹ ti rí alábòójútó, ẹ san owó fún un. Bí ẹ bá wá ní oṣù kejìlá, ẹ má lọ ní ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ẹ débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ẹ kí àwọn ìyá, ẹ jókòó bó ẹ̀gẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ wo bí òkìtì èèpo ṣe ga tó, ẹ wo ibi tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lọ, bóyá kànga tàbí odò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn ìyá náà bóyá ẹnì kan ti wá gbé èèpo náà lọ sóko rí, àti ohun tó sọ pé òun fẹ́ fi ṣe. Ẹ kọ ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí mi, kí a tó jọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí ẹ máa rà.